Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀bùn Ọmọ Tuntun Dé Kí Ọjọ́ Kẹjọ Tó Pé

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan sọ níwájú àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Abidjan

  

Ẹ ti pinnu pé ẹ ó máa kó aṣọ, ìlédìí, ọṣẹ àti àwọn ohun èlò mìíràn jọ fún àwọn ìdílé tí wọ́n ń retí ọmọ ní ìlú Abidjan yìí, tí agbára wọn kò sì ká a. Ìpinnu rere ni. Ẹ sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé e lórí, nítorí pé iṣẹ́ oòjọ́ mi ni láti máa ka ìwé Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì máa yí wọn padà sí èdè wa. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí àwọn oníṣègùn ti wádìí, tí wọ́n sì ti kọ sílẹ̀, ni mo kó wá síwájú yín, pẹ̀lú ohun tí ojú gbogbo wa ń rí ní àdúgbò wa.

Gbólóhùn kan ni kókó ọ̀rọ̀ mi: ẹ̀bùn tí ó bá dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun ti pẹ́ jù.

ỌJỌ́ TÍ EWU PỌ̀ JÙ

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Àjọ UNICEF àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni ó kú láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ayé. Bí a bá pín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá mẹ́ta nínú wọn ni kì í lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí kì í rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì nìkan a máa tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ́dún.

Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí, ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2011 sí 2012 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 38 ni ó kú kí wọ́n tó pé oṣù kan. Nígbà tí a tún ṣe irú ìwádìí náà ní 2021, iye náà ti wálẹ̀ sí 30. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ sì ni fún àwọn agbẹ̀bí àti àwọn nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò: bí a bá bí ọmọ 33 ní àdúgbò kan, ọ̀kan nínú wọn kò ní pé oṣù kan láyé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọ tòun kọ́ ni yóò jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ wá wo àṣà wa. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ ra ohun ọmọ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Àwọn àgbà ń bẹ̀rù ojú ayé, wọn kò sì fẹ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àlejò tí ó lè má wọlé. Ní ọjọ́ kẹjọ ni ọwọ́ máa ń là. Ìyá ọkọ yóò gbé tirẹ̀ dé, àwọn ẹgbẹ́ yóò gbé tiwọn dé, alága ìjókòó yóò máa pe orúkọ olóore, ènìyàn yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Ohun ẹ̀yẹ ni, n kò bá a jà. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni ọmọ náà fi bora ní ọjọ́ kìíní? Abẹ́ wo ni a fi gé ìwọ́ rẹ̀? Kí ni ìyá rẹ̀ fi fọwọ́ kí ó tó gbé e? Ọjọ́ méje tí ewu pọ̀ jù ti kọjá kí ẹ̀bùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tí ó bá sì ti lọ kò dúró gba aṣọ.

ABIDJAN KÌ Í ṢE ILÉ

Ní Èjìgbò, tàbí ní ìlú yòówù kí olúkúlùkù wa ti wá, àṣà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn lára, nítorí pé agbo ilé wà. Ìyá àgbà ní ògbólógbòó aṣọ tí ó ti rọ̀ nínú àpótí rẹ̀, ìyá ọkọ ní ọṣẹ, orogún ní ọ̀já tí ó fi pọn ọmọ tirẹ̀. Bí ọmọ bá dé lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ohun tí ó yẹ ti pé.

Ìlú Abidjan yàtọ̀. Ọmọbìnrin kan wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò, ó la Benin, Togo àti Gánà kọjá, ó bá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo ní Abobo, ní Adjamé, ní Treichville tàbí ní Koumassi. Ọkọ ń ta ọjà ọlọ́jà, ìyàwó kò tíì gbọ́ Faransé. Nígbà tí oyún rẹ̀ bá di oṣù kẹjọ, kò sí ìyá àgbà, kò sí àpótí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan yóò sọ pé, ṣé ìjọba kò ti sọ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ni? Òtítọ́ ni. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ìbò 2010 sí 2011, ìjọba sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin 2011. Nígbà tí ó di 2012, wọ́n fi ọ̀fẹ́ náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù: ìbímọ, iṣẹ́ abẹ fún aláboyún, àti ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ṣèlérí pé òun yóò wọ aṣọ fún ọmọ. Aboyún tí ó bá ń lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ni yóò gbé aṣọ ọmọ, ìró tí a ó tẹ́ àti èyí tí a ó fi gba ọmọ, ọṣẹ, àti omi Javel dání. Ẹni tí kò bá ní wọn a máa fi ọjọ́ dọ́jọ́. Òmíràn á jókòó sí ilé títí ìrọbí yóò fi mú un, nítorí pé kò fẹ́ kí a wo òun tìkà-tẹ̀gbin. Báyìí ni àìsí aṣọ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe lè gba ìtọ́jú tí ìjọba sọ di ọ̀fẹ́ mọ́ obìnrin lọ́wọ́. Àlàfo kékeré tí ó wà láàárín ẹnu ọ̀nà ilé àti ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí yìí ni iṣẹ́ yín.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A KÓ JỌ

Kì í ṣe ohun tí ó bá pọ̀ jù nínú àpótí wa ni kí a kó wá. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi agbẹ̀bí léèrè, kí ó ka ohun tí ó fẹ́ fún wa, kí a sì kó o jọ bí ó ti kà á. Èyí tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ nìyí.

Èkíní ni ohun tí ó ń mú ọmọ móoru: aṣọ òwú méjì tàbí mẹ́ta, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, àti aṣọ fífẹ̀ méjì tí a ó fi nù ún gbẹ tí a ó sì fi dì í. Àwọn kan yóò sọ pé oòrùn Abidjan tó láti mú ọmọ móoru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tuntun jáde láti inú omi gbígbóná, orí rẹ̀ tóbi bí a bá fi wé ara rẹ̀, òtútù a sì máa tètè mú un, pàápàá bí kò bá pé oṣù. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kí a má ṣe wẹ ọmọ kí ó tó pé wákàtí 24.

Èkejì ni ọ̀já, ọ̀já tiwa gan-an. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà, ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru kò tó ní ilé ìwòsàn kan. Dókítà Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ tí kò pé oṣù sí àyà wọn, ara kan ara, kí wọ́n sì fi aṣọ dì í mọ́ra. Ní 2021, a tẹ ìwádìí kan jáde tí Àjọ Ìlera Àgbáyé darí ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tanzania. Ó fi hàn pé bí a bá gbé àwọn ọmọ tí kò wúwo tó sí àyà ìyá wọn ní kété tí a bí wọn, láì dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, ikú wọn a dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀já àti fìlà lásán nìyẹn, pẹ̀lú àyà abiyamọ.

Ẹ̀kẹta ni ohun ìmọ́tótó: ọṣẹ, ìlédìí òwú tí a lè fọ̀ kí a sì tún lò, òwú tí obìnrin yóò lò lẹ́yìn ìbímọ, omi Javel, àti abẹ tuntun tí a kò tíì tú nínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú okùn mímọ́, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kò dúró de ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn àgbà tí ó wà níbí mọ àrùn ipá, èyí tí í máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ le títí kò fi ní lè mu ọmú mọ́. Abẹ àti ìdọ̀tí tí a fi kan ìwọ́ ni ó máa ń gbà wọlé. Ní 2013 ni a kéde pé Côte d'Ivoire ti ṣẹ́gun àrùn yìí lára ìyá àti ọmọ tuntun. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìbímọ mímọ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, àwọn náà ni kò sì ní jẹ́ kí ó padà wá.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ GBÀ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí, nítorí pé ẹ̀bùn a máa pa ọmọ.

Púpọ̀ nínú wa ní aṣọ ọmọ tí a ti kó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí a sì fi káńfọ̀ sí i, ẹ̀yọ funfun olóòórùn nì tí àwọn Faransé ń pè ní naphtaline, kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, èròjà kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún, a máa ń rí ọ̀kan tí èròjà yìí kò tó lára rẹ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ibà pọ́njú sì dé. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ ọpọlọ. Ọmọ tí kò bá kú lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ́ tirẹ̀ mọ́ títí ayé. Òbí kò lè fi ojú mọ ọmọ tí èròjà náà kò tó lára rẹ̀. Nítorí náà, aṣọ tí ó bá ń rùn káńfọ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, ẹ má ṣe gbà á. Ẹ tún sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe fi káńfọ̀ sínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Èkejì ni wàrà inú agolo àti ìgò fídà. Mo mọ̀ pé àánú ni í mú ènìyàn rà á. Ṣùgbọ́n ọmú tí ọmọ kò bá fà kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà tí agolo kan náà bá tán, ìyá kò ní lówó láti ra èkejì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi là á, omi náà sì lè má mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí irú èyí ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ṣe fọwọ́ sí òfin kan ní 1981, pé kí àwọn oníléeṣẹ́ yé pín wàrà ọ̀fẹ́ fún àwọn ìyá. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ọmú nìkan tó fún ọmọ. Bí ìyá bá kú, tàbí bí dókítà bá rí ìdí mìíràn, ilé ìwòsàn ni yóò pinnu ohun tí ọmọ yóò mu. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra wàrà, ẹ fi owó náà ra ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja fún ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá yó, ọmọ ti yó.

Ẹ̀kẹta ni tìróò. Ẹwà ojú ni a mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n òjé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní 2011, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń fi tìróò láti Nàìjíríà kùn ní ojú. Nígbà tí wọ́n wọn tìróò náà, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 tí ó jẹ́ òjé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a má ṣe kó o sínú àpò ẹnikẹ́ni.

BÍ A Ó TI ṢE É

Ilẹ̀ Finland kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ kan. Láti 1938 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìyá tí kò rí jájẹ ní àpótí kan tí aṣọ ọmọ kún inú rẹ̀. Ọmọ tilẹ̀ lè sùn nínú àpótí náà fúnra rẹ̀. Ní 1949, wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ìyá, olówó àti tálákà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn kan sí i: obìnrin tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti lọ fi ara han dókítà tàbí agbẹ̀bí kí oyún rẹ̀ tó kọjá oṣù kẹrin. Ẹ rí ọgbọ́n náà. Àpótí kò lè gba ẹ̀mí là fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fa obìnrin dé ibi tí a ti lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Bí olówó sì ti ń gbà á bí tálákà, ìtìjú rẹ̀ tán.

Àwa kì í ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n a ní àjọ, a ní èsúsú, a ní ọ̀wẹ̀ àti àáró. Bí obìnrin 12 bá ń dá owó jọ lóṣooṣù bí wọ́n ti ń dá àjọ, tí wọ́n sì fi ra ohun inú àpò kan, àpò 12 ni yóò jáde lọ́dún, láì ni ẹnikẹ́ni lára. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Kí ilé kan ṣoṣo jẹ́ ibi tí a ó máa kó nǹkan wá. Kí a ṣa aṣọ. Èyí tí ó ti gbó kọjá ààlà, kí a fi nu ilẹ̀. Ẹ má ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn ní ohun tí ẹ kò jẹ́ fi wọ ọmọ yín. Kí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ìyókù, kí a sá a gbẹ dáadáa, kí a lọ̀ ọ́, kí a tó dì í. Kí ìwé kan wà tí a ń kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sí, kí ènìyàn méjì sì máa fọwọ́ sí i, kí ẹnu má baà kun ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìbẹ̀rù àwọn àgbà, ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀nà wà tí ọ̀rọ̀ wọn àti ti agbẹ̀bí fi lè bá ara wọn mu. Kí àpò má ṣe wọ yàrá aboyún. Nígbà tí oyún bá di oṣù kẹjọ, kí ó ti wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní ìtòsí, láì sí orúkọ ọmọ kankan lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ìrọbí, a ó gbé e jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá sì yí padà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i, ẹlòmíràn ni yóò lò ó. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kò ní máa wo aṣọ òfo.

Ẹ tún jẹ́ kí ẹ̀bùn náà dákẹ́. Kí a má ṣe pe orúkọ ẹni tí ó gbà á ní ìpàdé, kí a má sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pe orúkọ òun, kí ó dúró de ọjọ́ kẹjọ, kí ó wá náwó níbẹ̀, àyè wà. Kí a má sì ṣe béèrè bóyá ènìyàn jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, tàbí bóyá Yorùbá ni. Ará ilé wa tí ó jẹ́ Baoulé, Dioula tàbí Mossi, agbẹ̀bí kan náà ni ó ń gbẹ̀bí wa. Ilẹ̀ tí ó gbà wá láti ìgbà àwọn bàbá wa, ó yẹ kí àwa náà ṣe ọmọ ire nínú rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí ìwé pélébé kan wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan ní èdè Yorùbá, kí a sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, n kò sì ní gba owó lórí rẹ̀. Kí ó sọ fún ìyá pé: bí ọmọ kò bá mu ọmú dáadáa, bí ara rẹ̀ bá gbóná jù tàbí tí ó tutù, bí ó bá ń mí gúlegúle tí àyà rẹ̀ ń wọ inú, bí gìrì bá mú un, bí ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí àwọ̀ epo, bí ìwọ́ rẹ̀ bá ń ṣe ọyún, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Kí ó sì rán bàbá létí pé oṣù mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀ láti lọ kọ orúkọ ọmọ sí ìwé ìjọba ní ọ̀fẹ́. Ọmọ tí kò ní ìwé yóò jìyà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú yàrá kan ṣoṣo ní Abobo, ojú mẹ́rin náà ni ó wà. Àwa ni igba tí ó kù. Ìpàdé yìí kò gbọdọ̀ tú kí a tó yan ilé tí a ó máa kó nǹkan sí, àti àwọn ìyá méjì tí yóò lọ bá agbẹ̀bí ní ọ̀la. Ẹni tí yóò bímọ ní oṣù yìí kò lè dúró de ìpàdé mìíràn.